Abẹ́rẹ́ Ilẹ̀ Ṣáínà fún Ìrora Ìdí àti Ẹsẹ̀

Ǹjẹ́ ìrora ti mú yín rí láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, tí ó gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀? Ẹsẹ̀ kan ni ó sábà máa ń mú. Ó máa ń ta bí iná. Àwọn dókítà ń pè é ní siatíìkì.

Kí ni ó ń fà á? Iṣan ńlá kan ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wá, ó gba ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn wa, ohun rírọ̀ kan wà bí tìmùtìmù. Bí ó bá yọ, tí ó sì tẹ iṣan náà, ìrora dé nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó ti lé ní 2,000 ọdún tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ wo ìrora. Abẹ́rẹ́ náà tín-ín-rín, kò sì sí oògùn nínú rẹ̀. Wọ́n á fi gún ìdí àti ẹ̀yìn orúnkún, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Àwọn àgbà ibẹ̀ gbà pé agbára kan ń ṣàn nínú ara bí odò. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, ìrora dé. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣí i.

Láti 1978 ni Ṣáínà ti ń rán dókítà wá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn kan nínú wọn mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí.

Abẹ́rẹ́ yìí lè dín ìrora kù, ṣùgbọ́n kò lè ti ohun tí ó yọ padà sí àyè rẹ̀. Síbẹ̀, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yá láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ẹ má dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé ẹrù wúwo.

Ẹ kíyè sí nǹkan méjì yìí:

1. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u lójú yín. Abẹ́rẹ́ tí a ti fi gún ẹlòmíràn lè kó sídà tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ ran yín.

2. Bí ẹ kò bá lè tọ̀ mọ́, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ láìmọ̀, tàbí tí abẹ́ kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ má lọ sọ́dọ̀ alábẹ́rẹ́. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó bá pẹ́ lè rọ títí ayé.