Ẹ Mọ Orúkọ Ẹni Tí Ẹ Jọ Ń Gbé

Ẹ̀kọ́ Bíbélì: Lúùkù 10:25-37, Jeremáyà 29:4-7, Róòmù 12:9-18

Kí a tó ṣí Bíbélì wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiyín, ǹjẹ́ ẹ mọ orúkọ rẹ̀? Ẹ má sọ fún mi pé Bàbá Ìbejì ni tàbí Ìyá Alátà. Orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni mò ń bèèrè.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. A lè wọ ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ sí ìpàdé àdúrà ní òpin Èkó, kí a sì padà dé ní òru. Ṣùgbọ́n ẹni tí ògiri kan ṣoṣo là wá níyà, bí ó bá ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan, a kò ní mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀mí Mímọ́ fẹ́ bá wa sọ lónìí nìyí.

TA NI ẸNÌKEJÌ WA?

Amòfin kan dìde láti dán Jésù wò. Ó mọ̀ pé òfin ní kí òun fẹ́ràn ẹnìkejì òun, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí Jésù fa ìlà fún òun, kí òun lè mọ ẹni tó wà nínú ìlà àti ẹni tó wà lóde. Jésù kò fa ìlà kankan. Ìtàn ni ó sọ: ọkùnrin kan tí àwọn ọlọ́ṣà lù ní ọ̀nà Jẹ́ríkò, àlùfáà tó kọjá, ọmọ Léfì tó kọjá, àti ará Samáríà tó dúró. Ẹ rántí pé àwọn Júù àti àwọn ará Samáríà kì í bá ara wọn da nǹkan pọ̀. Síbẹ̀ ará Samáríà ni ó da òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́, tó gbé aláìsàn náà sórí ẹranko tirẹ̀, tó sì san owó ilé èrò.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, lo ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ níbẹ̀: ẹnìkejì. Bí kò bá sí ẹnìkejì, ta ni a ó máa pè ní ẹni kìn-ín-ní? Ọlọ́run kò dá ènìyàn kan láti pé ní òun nìkan.

MILE 12 JẸ́ ILÉ Ẹ̀KỌ́

Bí ibì kan bá wà ní Èkó tí ẹ̀kọ́ yìí ti yẹ kí ó yé ènìyàn kíákíá, Mile 12 ni. Àwọn tírélà máa ń já tòmátì, ata rodo, tàtàṣé àti àlùbọ́sà tí wọ́n kó láti Òkè Ọya sílẹ̀ nínú ọjà náà. Iṣu ń bọ̀ láti Bẹ́núè. Haúsá gbìn ín, ó sì dì í sínú apẹ̀rẹ̀; awakọ̀ kò sùn lóru kí ó má baà bàjẹ́ lọ́nà; alábàárù rù ú; ìyá alátà rà á, ó sì gbé e lọ sí ọjà àdúgbò tirẹ̀. Ọbẹ̀ tí ẹ jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọwọ́ tó kàn án kí ó tó dé inú ìkòkò yín ju ọwọ́ ẹ̀yà kan tàbí ẹ̀sìn kan lọ.

Ṣùgbọ́n ojú Mile 12 ti rí nǹkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Yorùbá àti Haúsá ní Kétu àti Mile 12 lórí ọ̀rọ̀ ìdarí ọjà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ṣòfò, dúkìá sì jóná. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà tún dé. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà kọ ọ́ pé láti orí èdè-àìyedè tó kan ọlọ́kadà kan ni ó ti gbilẹ̀. Ẹ̀mí tún ṣòfò, Gómìnà Akínwùnmí Ambode sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ọjà náà pa. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn ni ìjà ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dá oúnjẹ dúró, wọn kò jẹ́ kí ó wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa fún ọjọ́ mélòó kan. Ata àti àlùbọ́sà di ọ̀wọ́n. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ṣáṣá rí pín nínú ìyà náà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Nígbà tí àhesọ bá wọ àdúgbò, kì í dárúkọ ènìyàn. “Wọ́n” ni ó máa ń sọ. Wọ́n ti pa ènìyàn wa; wọ́n ń bọ̀ lóru. Ẹni tí kò mọ ẹnì kankan nínú àwọn tí à ń pè ní “wọ́n” yìí, kíá ni yóò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé Músá ni ó gbé ọmọ òun lọ sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ tí ibà mú un, yóò kọ́kọ́ bèèrè pé, “Músá ńkọ́? Níbo ni ó wà báyìí?” Ìbéèrè kékeré yẹn lè gba ẹ̀mí là.

N kò sọ pé ìkíni òwúrọ̀ nìkan lè dá àdá dúró. Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀, ọlọ́pàá ní tiwọn, àwọn olórí ọjà náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ìjọba kò lè bá wa ṣe, òun ni kí aládùúgbò mọ aládùúgbò kí ọjọ́ ibi tó dé. Ọjọ́ tí iná ń jó kọ́ ni a ń gbẹ́ kànga.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi pe Haúsá ní ọjà: àbókí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ ọ́ bí ẹni ń búni. Ṣùgbọ́n ní èdè tiwọn, ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀! Láràárọ̀ ni à ń pe ènìyàn ní ọ̀rẹ́, tí a kò sì mú un ní ọ̀rẹ́. Ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀.

OMI KÒ BÈÈRÈ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, wọ́n ṣí omi sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n sé odò Ọ̀yán sí ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Odò Ògùn kún, ó bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Ìkòròdú, ó sì ya wọ àwọn àdúgbò kan ní agbègbè Mile 12, Kétu àti Àgbóyì. Ìjọba Èkó ní láti kó lára àwọn tí omi lé kúrò nílé lọ sí àgọ́ ní Agbówà. Omi yẹn kò bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni ń lọ. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó lè nawọ́ sísàlẹ̀ kí ó ní “ẹ gbé àwọn ọmọ wá”, òun ni ẹbí. Sólómọ́nì ti rí èyí tipẹ́. Ẹ ka Òwe 27:10, níbi tó ti fi aládùúgbò ìtòsí wé arákùnrin ọ̀nà jíjìn.

Ìdí nìyí tí Jeremáyà fi kọ̀wé sí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì pé kí wọ́n kọ́ ilé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún àlàáfíà ìlú náà. Bí Ọlọ́run bá lè rán wọn ní irú iṣẹ́ yẹn nípa ìlú àwọn tó kó wọn lẹ́rú, mélòó-mélòó ni àwa tí a fi ẹsẹ̀ ara wa wá sí Mile 12?

ẸRAN ILÉYÁ ŃKỌ́?

Lọ́dọọdún ni àwọn onígbàgbọ́ ń bèèrè pé: bí Mùsùlùmí ilé wa bá gbé ẹran Iléyá wá, ṣé kí a jẹ ẹ́? Ẹ fi ara balẹ̀ ka 1 Kọ́ríńtì 10:23-33 àti Róòmù 14. Pọ́ọ̀lù fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbà á láti jẹ, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Ohun tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ni kí a fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ tẹ́ńbẹ́lú ẹlòmíràn. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, ẹ dìde, ẹ kí i kú ọdún, ẹ dúpẹ́, ẹ sì sọ fún un pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ má ṣe gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín kí ẹ sì wá da ẹran náà sí kòtò nígbà tó bá yí ẹ̀yìn padà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò yín. Nígbà tí Kérésì bá sì dé, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́ tí ìrẹsì yín yóò kàn.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ òótọ́ fún ara wa nípa ariwo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, LASEPA, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, kéde pé àwọn ti ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí a kọjú rẹ̀ sí fèrèsé ìyá ọlọ́mọ tuntun ní agogo méjì òru, ṣé ìwàásù ni àbí ìyọlẹ́nu? Ọlọ́run tí à ń ké pè kì í ṣe adití. Ìṣọ́ òru dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìfẹ́ bá wa rẹ ohùn ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Àwọn àgbà inú wa rántí ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Láti ayé ìjọba ológun ọdún 1984 ni ìmọ́tótó àyíká ti wà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni ìjọba Èkó fòpin sí dídá ènìyàn dúró sílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ṣe é nítorí ìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n ó ní èrè kan: onílé àti ayálégbé máa ń di ṣọ́bìrì mú pọ̀ lẹ́bàá gọ́tà kan náà. Òfin lè mú wa jáde. Ṣé ìfẹ́ Kristi kò lè mú wa jáde ni? Ẹ pe ilé mẹ́rin tó yí yín ká, kí ẹ jọ kó gọ́tà náà kí òjò tó dé.

Ẹ máa lọ sí ìpàdé àdúgbò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọlọ́dẹ, iná àti omi. Kò yẹ kí onígbàgbọ́ jẹ́ ẹni tí kì í wá, tí kì í dá owó, tó sì máa ń ráhùn jù. Bí ẹ bá rí i pé ọmọ àdúgbò kan ń yà bàrá, ẹ bá òbí rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn baba wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ẹnì kan lè wí pé, “Pásítọ̀, ẹ kò mọ irú ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Aláriwo ni, kì í gba ìkíni.” Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé irú wọn wà. Ní Róòmù 12:18, ìwọ̀n tó wà ní ìkáwọ́ wa ni ó bèèrè lọ́wọ́ wa, kò bèèrè èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì. Ẹ kí i lónìí, ẹ tún kí i lọ́la.

Ẹ má sì ṣe é nítorí kí ó lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín nìkan. Ará Samáríà yẹn kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó gbé. Bí aládùúgbò yín bá bèèrè ohun tó ń mú yín ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ orúkọ Jésù fún un láìtijú. Bí kò bá bèèrè, ẹ máa bá iṣẹ́ náà lọ. Ọlọ́run rí i.

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ ni ó yan ẹni tí yóò máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dárí ojú tí mo ti gbé kúrò lára rẹ̀ jì mí. Fún mi ní ẹnu láti kí i, ní etí láti gbọ́ ọ, ní ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́. Jẹ́ kí àlàáfíà rẹ wà ní Mile 12, nínú ọjà, ní ojú pópó, àti nínú yàrá gbogbo. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: Kí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé, ẹ mọ orúkọ ẹnì kan tí ẹ ti ń rí lójoojúmọ́ tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì fi orúkọ náà gbàdúrà fún un.