Kùrukùru Inú Fíìmù Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá A àti Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe

Ẹ̀yin ará wa ní Manigri, ní Bassila àti ní gbogbo agbègbè Alédjo, bí ẹ bá ti wo fíìmù àtijọ́ rí, èyí tí kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú ìran yìí. Òru ni. Òpópónà tóóró ni, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, àtùpà kan ń jó lórí òpó, kùrukùru sì bo gbogbo rẹ̀. Ẹ ń gbọ́ ìró bàtà, ẹ kò rí ẹni tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó wọ kóòtù gígùn yọ. Ṣé apànìyàn ni, àbí ẹni tó ń wá apànìyàn kiri? Mo fẹ́ràn irú fíìmù yìí gan-an, mo sì fẹ́ fi sùúrù ṣàlàyé fún yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ẹni tó ń wádìí ọ̀ràn. Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá, ó sì lè máa ṣe é gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ara rẹ̀. Èyí tí ayé mọ̀ jù lọ ni Sherlock Holmes, ará London tí kò gbé ilé ayé rí, nítorí dókítà kan tó ń jẹ́ Arthur Conan Doyle ló fi ọpọlọ dá a. Ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1887, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria wà lórí oyè. Láti 1837 títí di 1901 ni ọbabìnrin yìí fi jọba, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo àsìkò náà. Conan Doyle pàápàá dé etíkun wa. Ní 1881, kó tó di òǹkọ̀wé olókìkí, ó bá ọkọ̀ ojú omi Mayumba wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bíi dókítà ọkọ̀, ibà sì dá a gúnlẹ̀ ní Èkó débi pé díẹ̀ ló kù kó kú. Ká ní ibà náà gbé e lọ ni, kò sí Sherlock Holmes.

Kùrukùru London, òótọ́ ni. Omi wà nínú afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí. Bí afẹ́fẹ́ náà bá tutù, omi yẹn á di ẹ̀kán kéékèèké tí kò lè bọ́ sílẹ̀, tí yóò máa léfòó kiri. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí àwọn òkè Alédjo láàárọ̀ ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n ti London nígbà àtijọ́ ní èéfín nínú. Èédú ilẹ̀, tí wọ́n ń wà jáde láti inú ihò jíjìn, ni gbogbo ilé fi ń dáná nígbà òtútù, òun náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ń lò. Èéfín rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ ẹ̀kán omi, afẹ́fẹ́ tó móoru á wá jókòó lé afẹ́fẹ́ tútù lórí, kò ní jẹ́ kó ráyè gòkè. Ni kùrukùru náà á bá pọ́n rúsúrúsú, á máa ta ojú, á máa dí ọ̀nà ọ̀fun.

Ó máa ń pa ènìyàn nígbà náà. Èyí tí wọn kò gbàgbé bẹ̀rẹ̀ ní 5 Oṣù Kejìlá ọdún 1952, kò sì ká títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ó pa; àwọn tó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ní ó lè tó 12,000. Ní 1956 ni ìjọba wọn ṣe òfin tó ká èéfín lọ́wọ́ kò. Nítorí náà, nígbà tí ará London bá rí kùrukùru nínú fíìmù tí àyà rẹ̀ já, kì í ṣe òṣèré nìkan ló ń bà á lẹ́rù.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù yìí ni wọn kò yà ní London rárá. Ẹ wo The Adventures of Sherlock Holmes tó jáde ní 1939. Basil Rathbone ló ṣe Holmes, Nigel Bruce ṣe Dókítà Watson ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀daràn paraku kan tó ń jẹ́ Moriarty sì ń gbèrò láti jí ohun ọ̀ṣọ́ adé ọba Gẹ̀ẹ́sì gbé. Hollywood ni wọ́n ti yà á, ní Kalifóníà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín. Inú sítúdíò ni, ìyẹn ilé gbàgede tí wọ́n kọ́ fún yíya fíìmù. Pákó àti ọ̀dà ni òpópónà London tí ẹ ń wò yẹn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rí kùrukùru nínú ilé? Ọ̀nà méjì làwọn òṣìṣẹ́ sítúdíò ìgbà náà mọ̀ dáadáa. Àkọ́kọ́ ni òróró fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì. Wọ́n á mú un gbóná tàbí kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ alágbára fọ́n ọn, títí yóò fi di èéfín funfun tí kì í tètè lọ. Ó ń mú ilẹ̀ yọ̀, kò sì ṣe ẹ̀dọ̀fóró lóore, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣèré á sì máa fà á símú láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọ̀nà kejì ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dry ice, tí a ó máa pè ní yìnyín gbígbẹ. Kì í ṣe omi ló dì. Carbon dioxide ni, gáàsì tí àwa ènìyàn ń mí síta. Wọ́n fún un pọ̀ títí ó fi dì, ó sì tutù tó ìwọ̀n Celsius 78 ní ìsàlẹ̀ òdo. Bí wọ́n bá jù ú sínú omi gbígbóná, á hó yàà, òtútù rẹ̀ á sì sọ omi inú afẹ́fẹ́ di ìrì funfun. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà kì í gòkè. Ilẹ̀ ni yóò máa wọ́, á máa yí kókósẹ̀ àwọn òṣèré ká. Bí ẹ bá rí kùrukùru tí kò ga ju orúnkún lọ, tí ojú àwọn ènìyàn sì mọ́ kedere lókè rẹ̀, ẹ fura sí yìnyín gbígbẹ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo wàhálà yìí ń ṣe ni pé ó ń dín owó kù. Ilé tí wọ́n kọ́ lè má ju mẹ́rin lọ. Níbi tí wọ́n bá parí sí, kùrukùru á gbà á níbẹ̀, ojú òǹwòran á sì fi ìlú ńlá kún un fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ rántí ìgbà ọyẹ́, tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń bọ̀ lóru láti ọ̀nà Bantè. Kí ẹ tó rí ọkọ̀ náà, ẹ ó ti rí ìmọ́lẹ̀ iná rẹ̀ tó nà gbọọrọ nínú eruku. Nínú afẹ́fẹ́ tó mọ́, ìmọ́lẹ̀ á kàn kọjá lọ ni. Ó gbọ́dọ̀ kan nǹkan kéékèèké kí ojú tó lè rí ipa ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ayàwòrán fíìmù mọ èyí, wọ́n á gbé iná sẹ́yìn òṣèré, kì í ṣe síwájú rẹ̀. Kùrukùru á wá tàn, òṣèré náà á sì dúdú láàárín rẹ̀, ẹ kò ní rí ju fìlà, èjìká àti ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ìyẹn ló gbé wa dé iṣẹ́ kẹta, tí mo kà sí olórí: kùrukùru ló ń pinnu ohun tí ẹ ó mọ̀ àti ìgbà tí ẹ ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ibi tí mo ti rí i kó hàn tó The Lodger, fíìmù tí kò ní ohùn, tí Alfred Hitchcock darí ní 1927. Láti inú ìwé tí Marie Belloc Lowndes kọ ní 1913 ni wọ́n ti mú un. Ẹnì kan ń pa àwọn ọmọbìnrin onírun wúrà ní London, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ayálégbé kan kan ilẹ̀kùn, ó yọ láti inú kùrukùru, ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Onílé gbà á sílé. Láti ìgbà náà lọ, a kò tún fọkàn balẹ̀ mọ́.

Ohun tí Hitchcock ṣe lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fiyè sí. Ayálégbé ń rìn síwá sẹ́yìn nínú yàrá òkè, àwọn onílé sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń wo fìtílà àjà wọn tó ń mì. Fíìmù náà kò ní ohùn, báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Hitchcock fi gíláàsì tó nípọn ṣe ilẹ̀ yàrá, ó gbé kámẹ́rà sábẹ́ rẹ̀, a sì rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọkùnrin náà láti ìsàlẹ̀ bó ti ń lọ tó ń bọ̀. Ìfura àwọn onílé la rí yẹn. Síbẹ̀, kí la mọ̀? Pé ọkùnrin kan ń rìn nínú yàrá tó sanwó rẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú fíìmù náà ń jẹ́ Joe, ọmọbìnrin onílé ló sì ń fẹ́. Nígbà tó rí i pé ojú ọmọbìnrin náà ń lọ sọ́dọ̀ ayálégbé, owú bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá ẹ̀rí. Gbogbo àmì tó rí ló ń tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo. Kùrukùru ti kúrò ní òpópónà, ó ti wọ orí ẹni tó yẹ kó là á. Èmi ò ní sọ bó ṣe parí, ẹ wò ó. Ní 1944, John Brahm tún ìtàn náà yà ní Hollywood, ó sì dá a padà sí àsìkò Victoria pẹ̀lú àtùpà gáàsì rẹ̀. Laird Cregar ló ṣe ayálégbé.

Ṣé ilẹ̀ Yorùbá, tí kò ní irú kùrukùru yẹn, lè ní irú fíìmù yìí? Ó ti ní i. Nínú ìwé, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, jáde nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Nínú fíìmù, Kúnlé Afọláyan ṣe October 1 ní 2014. Ọdún 1960 ni ìtàn náà dá lé, ọdún kan náà tí Dahomey wa gba òmìnira ní 1 Oṣù Kẹjọ. Òmìnira Nàìjíríà ń bọ̀ ní 1 Oṣù Kẹwàá, ẹnì kan sì ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní ìlú Àkótè. Wọ́n rán ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Danladi Waziri, tí Sadiq Daba ṣe, láti lọ wá a rí.

Ará Òkè Ọya ni Waziri. Ìlú Yorùbá ló wá ṣiṣẹ́. Ojú ọ̀nà mọ́, oòrùn ń ràn, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú mọ ara wọn, wọ́n mọ ohun tí wọn kì í sọ lójú àlejò, òun kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí èéfín ṣe fún London, èdè àti ìwà ìlú ló ṣe é níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Nagó ní Manigri, Anii ní Bassila, Kotokólì ní Alédjo-Koura, láàárín kọ́múnù kan ṣoṣo, ẹ mọ bí ó ti ń rí nígbà tí àwọn méjì bá yí èdè padà lójú yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ya fíìmù, ohun èlò wà lọ́wọ́ yín. Lásìkò ọyẹ́, ẹ jí kí oòrùn tó là, kí ẹ fi òṣèré yín sáàárín fóònù àti oòrùn, kí ẹ má fi iná kankan síwájú rẹ̀. Ẹ má jó táyà nítorí èéfín, májèlé ni. Bí ẹ bá sì rí yìnyín gbígbẹ rà, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbá a mú, ẹ má sì lò ó nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, nítorí gáàsì rẹ̀ á lé afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí kúrò níbẹ̀.