AC ọkọ̀ tí kò tutù mọ́: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó wá yáwó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó létí ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ AC ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí ìwé síwájú, ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tó gbé e wá síbí.

Láàárín ọdún kan péré, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pé kí á yá àwọn lówó tún AC ọkọ̀ ṣe. Ẹni àkọ́kọ́, ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń fi fóònù pè ló fi ń jẹun. Ó ní bí èrò bá ti wọlé báyìí, "Ọ̀gá, ẹ bá wa tan AC" ni, òun á sì máa bẹ̀bẹ̀ láti Ìyànà-Ìbà títí dé Mile 2. Rewáyà kan ti sọ fún un pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti kú. Àwa ìgbìmọ̀ kò bi í ní ìbéèrè méjì. Onídùúró méjì fọwọ́ sí i, a sì san owó. Ó ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ ní Trade Fair, wọ́n dè é, wọ́n fa gáàsì sí i, ó tutù fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ kejìlá, ooru tún dé. Àṣé ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ ló wà lára kọ́ńdẹ́ńsà níwájú ọkọ̀, ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà jáde. Kò sí ohun tó ṣe kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àkọ́kọ́. Bí a ti ń kọ èyí, arákùnrin náà ṣì ń san owó wa padà lóṣooṣù, inú àwọn onídùúró rẹ̀ kò sì dùn sí wa. Ẹ̀bi náà kàn wá, a kò ní purọ́. A ti sanwó kí á tó mọ àrùn.

Nígbà tí à ń dàgbà ní agbègbè yìí, ọ̀rọ̀ báyìí kò sí. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà lọ́nà Àgbádárìgì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ọdún 1975, títí dòní Volks ni à ń pe ibùdókọ̀ ibẹ̀. Ọkọ̀ ìjàpá tí wọ́n ń tò nígbà náà, ká ṣí wíńdò sílẹ̀ ni AC tirẹ̀. Lónìí, ta ni yóò ṣí wíńdò nínú gósíló, pẹ̀lú eruku, èéfín àti àwọn tí ń já fóònù gbà?

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí nọ́ọ̀sì bá fi sípíríìtì nu apá yín kó tó gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ ó rí i pé ojú ibẹ̀ tutù. Sípíríìtì náà ń gbẹ, bó sì ti ń gbẹ ló ń gbé ooru ara yín lọ. Iṣẹ́ tí gáàsì AC ń ṣe náà nìyẹn. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀, tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, á fún gáàsì náà pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an. Á tì í lọ sí kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn èyí tó dà bí rédíétọ̀ tó wà níwájú rédíétọ̀ gan-an. Fáànù á fẹ́ ooru rẹ̀ dànù, gáàsì á di omi. Omi yìí á gba inú drier kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rinrin kúrò lára rẹ̀, á wá gba ojú ihò tóóró kan bọ́ sínú kọ́ọ̀lì tó wà lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Ibẹ̀ ni agbára tí wọ́n fi fún un pọ̀ ti máa ń dẹ̀, omi náà á tún di gáàsì, á sì fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Fáànù inú ọkọ̀ ló ń fẹ́ òtútù náà sí wa. Gáàsì á padà sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Omi tí ẹ máa ń rí tó ń kán sábẹ́ ọkọ̀ kò burú o, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń dì lára kọ́ọ̀lì yẹn.

Ẹ wo ohun kan níbẹ̀. Gáàsì yìí kì í jó bíi bẹntiróòlù, ó ń yí po ni. Lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀ máa ń yọ́ jáde lára rọ́bà láàárín ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra gáàsì lóṣù méjì méjì, ojú kan ń jò lára ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń bá a rọ gáàsì láìwá ojú ibẹ̀ ń bu omi sínú apẹ̀rẹ̀ ni.

Ọmọ ẹgbẹ́ kejì ni ìyá oníkéèkì wa ní Ìbà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gbé kéèkì ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ ìbí lọ síbi òde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀nà dí pa ní Volks, AC sì ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Kí wọ́n tó dé ibi ìdána tí wọ́n ń lọ, ṣúgà ojú kéèkì ti ń yọ́ wálẹ̀ bí òrí inú oòrùn. Wọ́n dá owó oníyàwó padà. Wọ́n wá kọ̀wé pé kí á yá àwọn lówó ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún wọn nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí a ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọkọ̀ náà wá sí iwájú ọ́fíìsì." Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó mọ iṣẹ́ náà bá wa dúró tì í.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, "Ìgbà wo ni kì í tutù?" Màmá ní bí ọkọ̀ bá ń sáré, ó ń tutù dáadáa, bó bá ti dúró ló ń gbóná. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá kú, kò ní tutù nígbà kankan, yálà ọkọ̀ ń sáré tàbí ó dúró. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń fẹ́ kọ́ńdẹ́ńsà, bó bá dúró, fáànù ló yẹ kó máa fẹ́ ẹ. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó tan AC, ó ní kí gbogbo wa wo iwájú. Nínú fáànù méjì, ẹyọ kan ló ń yí. Ó yẹ fúùsì rẹ̀ wò, kò jó. Ó pààrọ̀ rẹ́lè rẹ̀ pẹ̀lú irú rẹ̀ tó wà nínú àpótí kan náà, kò yí. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ ẹnu wáyà fáànù, ó fi wáyà méjì tó ní fúùsì fún un ní iná tààrà láti bátìrì. Fáànù yí fìrì! Fáànù kò kú nìyẹn, iná ni kò dé ibẹ̀. Nígbà tó tọ wáyà náà lọ, ó bá ibi tí eku ti gé e. Ó so ó, ó wé e dáadáa, ó tún fi omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fọ iyanrìn àti òkú kòkòrò tó ti dí ojú kọ́ńdẹ́ńsà. Ẹni tó ń gba ọ̀nà Àgbádárìgì láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ ní 2009 mọ irú iyanrìn tí à ń wí. Owó wáyà àti téèpù ni màmá san. Wọ́n gba ìwé ẹ̀yáwó wọn padà lọ́wọ́ wa, wọ́n ya á sí méjì lójú wa.

Ohun tí a rí lọ́jọ́ náà àti ohun tí a ti bi àwọn oníṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló mú wa kọ ìyókù yìí, kí ẹnikẹ́ni lè ṣe é nílé rẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é o, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí a tì, èéfín rẹ̀ ń pààyàn. Ẹ ká ọwọ́ aṣọ, ẹ má sì jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí gèlè sún mọ́ bẹ́líìtì àti fáànù.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá jáde rárá, ẹ má dárúkọ gáàsì. Fáànù inú ọkọ̀ ni, tàbí fúùsì rẹ̀. Bó bá ń jáde ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ẹ wo fílítà tó sábà máa ń wà lẹ́yìn àpótí iwájú èrò. A ti rí èyí tó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bí ọkọ̀ bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tàbí tí omi ń tú sí ẹsẹ̀ èrò iwájú, ihò tí omi kọ́ọ̀lì ń gbà jáde ló dí.

Bí afẹ́fẹ́ bá lágbára ṣùgbọ́n tí kò tutù, ẹ ní kí ẹnì kan tan AC nígbà tí ẹ bá ń wo kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Púlì rẹ̀ á máa yí ní gbogbo ìgbà, ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ níwájú ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá gbọ́ "kà!" tí ojú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mú. Bí kò bá mú, ó lè jẹ́ fúùsì, rẹ́lè, tàbí kí gáàsì ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rọ aṣọ́ni inú rẹ̀ kò jẹ́ kó tan, kó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n kéde ikú wọn, ebi gáàsì ló ń pa wọ́n. (Àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wọn kò ní kílọ́ọ̀ṣì, ti ìyẹn gba kọ̀ǹpútà.)

Ibi tó ń jò kò ṣòro púpọ̀ láti fura sí. Òróró ń bá gáàsì rìn, nítorí náà ibi tí gáàsì bá ti jáde sábà máa ń ní òróró àti eruku tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ pò ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn kan an síbẹ̀ àti sí gbogbo oríkèé páìpù. Bó bá ń hó wẹ́wẹ́, ẹ ti rí olè.

Ibẹ̀ ni kí iṣẹ́ ilé ti parí. Ẹ má tú páìpù. Gáàsì R134a tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa máa ń hó ní ìwọ̀n 26 sísàlẹ̀ òdo lórí Sẹ́ṣíọ̀sì, bó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni rọ gáàsì ìdáná sínú AC yín nítorí pé ó dínwó, iná lẹ gbé wọnú ọkọ̀ yẹn. Ẹ wo ìwé kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò sọ irú gáàsì àti iye gíráàmù rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ń lo R12, tí àdéhùn Montreal ti 1987 lé kúrò lọ́jà nítorí ó ń ba òfuurufú jẹ́. Láti 2017 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ R134a sílẹ̀, R1234yf sì wà nínú púpọ̀ wọn. Àwọn yẹn ti ń bá tòkunbọ̀ wọlé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n pọ̀.

Lọ́dọ̀ oníṣẹ́, nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ dúró wò. Kó dí ibi tó ń jò kó tó dárúkọ gáàsì. Kó pààrọ̀ drier bó bá tú ẹ̀rọ. Kó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, ó kéré tán fún ìdajì wákàtí, kó pa á, kí géèjì sì dúró sójú kan. Bí ọwọ́ géèjì bá ń padà, ó ṣì ń jò, kó má tíì rọ nǹkan kan. Kó wá fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì, kì í ṣe kó máa fọwọ́ kan páìpù, kó ní "Ó ti tó, ọ̀gá." Bó bá pọ̀ jù, kò ní tutù náà.

Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀yáwó AC yóò mú ìwé wá láti ọwọ́ oníṣẹ́ rẹ̀, tí yóò sọ ibi tó ń jò tàbí ohun tó bàjẹ́ gan-an, àti bó ṣe mọ̀. Ìwé ẹni kẹta ṣì wà lórí tábìlì wa. Gáàsì ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù mẹ́rin ló fẹ́ fi owó náà rà. A ti ránṣẹ́ sí i pé kó gbé ọkọ̀ wá ní ọjọ́ ìpàdé, kí àwọn onídùúró ṣì jókòó sílé.