Ìtàn Tí Àwọn Olùgbọ́ Fúnra Wọn Ń Parí

Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Onigbolo, tí oúnjẹ alẹ́ sì parí, apàlọ́ a ké pé: «Àlọ́ o!» Àwọn ọmọdé a dáhùn pé: «Àlọ̀!» Wọn a gbe orin, wọn a pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè yí ìtàn náà padà. Bí Ìjàpá bá jí oúnjẹ lánàá, yóò tún jí i lónìí, ọwọ́ yóò sì tún tẹ̀ ẹ́. Ẹnu apàlọ́ ni òpin ìtàn wà.

Ní ọdún 1974, ọkùnrin méjì ní Amẹ́ríkà, Gary Gygax àti Dave Arneson, gbé eré kan jáde tí òpin ìtàn rẹ̀ kò sí lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Orúkọ rẹ̀ ni Dungeons & Dragons. Àwọn òṣèré a jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni olùdarí: òun ni ó ń ṣàpèjúwe igbó, ihò àti ẹ̀dá abàmì tí ó wà níbẹ̀. Olúkúlùkù àwọn yòókù a fi ara rẹ̀ sí ipò ẹnì kan, bóyá jagunjagun tàbí olóògùn. Olùdarí a bi wọ́n pé: «Kí ni ẹ ó ṣe?» Ohun tí wọ́n bá sọ ni ìtàn yóò tẹ̀lé. Níbi tí kò bá dájú pé ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yóò yọrí, wọn a ju dáìsì, bí àwọn tí ń ta lúdò ṣe máa ń jù ú.

Ṣùgbọ́n ibo ni olùdarí yóò ti máa rí ìrìn-àjò tuntun? Ìwé àtìgbàdégbà ni ó gbà á sílẹ̀. Dragon bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1976, White Dwarf ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1977, Casus Belli ní ilẹ̀ Faransé ní 1980. Nígbà tí ó di 1986, Dungeon jáde, ìrìn-àjò nìkan ni ó sì wà fún. Kì í ṣe àwọn ògbóǹtarìgì nìkan ni ó ń kọ ọ́: àwọn òǹkàwé a máa fi èyí tí wọ́n kọ ránṣẹ́, wọn a sì tẹ èyí tí ó dára nínú wọn.

Àwòrán ilẹ̀ ni ó sábà máa ń wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí ibùdó kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tirẹ̀: ohun tí ojú rí níbẹ̀, ohun tí ó fara pamọ́, ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ àti ohun tí onítọ̀hún ń wá. Nǹkan kan ni òǹkọ̀wé rere kì í kọ: ohun tí àwọn akọni yóò ṣe. Bí ọ̀nà kan ṣoṣo bá wà, tí ìtàn sì kú nígbà tí àwọn òṣèré yà sí ibòmíràn, a jẹ́ pé wọ́n ti padà di olùgbọ́ àlọ́.

Àwọn tí ń ka Yorùbá mọ ohun tí ó jọ eré yìí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ọba rán Àkàrà-ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó lágbára, Ìmọ̀dòye gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ mọ orin kọ, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Bákan náà ni àwọn òṣèré orí tábìlì ṣe máa ń pín ẹ̀bùn láàárín ara wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Fágúnwà ti yan ọ̀nà fún àwọn tirẹ̀.

Bí ẹnì kan ní Onigbolo bá fẹ́ kọ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, kò nílò ihò ilẹ̀ òkèèrè. Kí ó ní ọdẹ kan kò padà bọ̀ láti ìgbẹ́, òjò sì ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Títì jìn, ilẹ̀ yóò ṣú kí wọ́n tó dé. Ọ̀nà àbùjá yá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ dúdú agbègbè náà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ìyá àgbà kan mọ ibi tí ọdẹ náà máa ń sùn sí, ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ wà láàárín ìdílé wọn. Kò ní sọ̀rọ̀ àfi bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ yan ọ̀kan. Kí ó kàn kọ ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ kúnlẹ̀ àti àgbà tí ó mọ bí ẹrẹ̀ náà ti rí yóò jọ jiyàn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹni tí ó dàgbà kí ó tó mọ̀wé kà lè rò pé ìwé kíkọ kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ odò tí ó máa ń kún lójijì, igi tí wọn kì í gé, àti ìdí tí ìdílé kan kò fi bá èkejì sọ̀rọ̀, òun gan-an ni ó ní ohun èlò. Bí kò bá kọ ọ́, ìmọ̀ náà yóò bá a lọ, ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ náà rí ni yóò sì wá fi èrò inú ara rẹ̀ kọ ọ́. Ewé ìwé kan àti gègé kan tó láti bẹ̀rẹ̀: àwòrán ibi mẹ́ta, ewu kan, ọ̀nà méjì. Kí ó pe àwọn ará ilé jọ lálẹ́, kí ó kà á fún wọn títí dé ibi tí ewu wà, kí ó dákẹ́, kí ó sì bi wọ́n pé: «Kí ni ẹ ó ṣe?»