Lẹ́tà Ìjẹ́rìí, Físà Iṣẹ́ àti Olùkọ́ Tó Fẹ́ Lọ Kọ́ni Lókè Òkun

Ní Ìbàfò àti Mowé, tí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gba àárín wọn kọjá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, àti ní Ìfọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ilé-ìwé aládàáni pọ̀ jọjọ, nítorí pé àwọn tí owó ilé gbígbé ní Èkó ti wọ̀ lọ́rùn ń kó lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì ní láti rí ibi kàwé. Nínú àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó gboyè ní yunifásítì ti ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí àwọn kan nínú wọn sì ń wá ọ̀nà láti lọ ṣe iṣẹ́ kan náà ní ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tó sábà máa ń dá irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ dúró kì í ṣe àìmọ iṣẹ́, bí kò ṣe àìní àkọsílẹ̀ tó lè fi hàn pé òun ti ṣe iṣẹ́ náà rí.

Lẹ́tà ìjẹ́rìí ni ìwé tí ẹni tó gba olùkọ́ síṣẹ́, tàbí ọ̀gá tó darí rẹ̀, kọ láti fi sọ iṣẹ́ tí olùkọ́ náà ṣe, iye ìgbà tó fi ṣe é àti irú ìwà tó hù láàrin àwọn ọmọ. Físà iṣẹ́ ní tirẹ̀ ni àṣẹ tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan fún àlejò láti wọlé, kí ó sì ṣiṣẹ́ gba owó oṣù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé físà ni iṣẹ́ ńlá, pé lẹ́tà jẹ́ ohun kékeré tí wọ́n lè tọrọ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, àmọ́ òdìkejì èrò yìí ló sún mọ́ òtítọ́. Ìlànà físà wà ní kíkọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹni tó bá fẹ́ sì lè kà á kó fi wọn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ohun tí ẹlòmíràn náà lè kọ kò sì gbọdọ̀ kọjá ohun tí àkọsílẹ̀ ilé-ìwé lè gbè lẹ́sẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fojú sùn, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìlànà ààbò ọmọdé tí ìjọba ṣe fún àwọn ilé-ìwé níbẹ̀ sọ pé ilé-ìwé tó fẹ́ gba olùkọ́ ní láti fúnra rẹ̀ bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀gá tó ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ tí olùkọ́ náà wà, kí ó má sì gba lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ bá kàn, irú èyí tí olùkọ́ ń gbé kiri nínú fáìlì láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ̀rí náà bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, wọ́n ní láti rí i dájú pé ibi tó yẹ ló ti wá. Ìtàn wà lẹ́yìn ìlànà líle yìí. Ní ọdún 2002, ní ìlú Soham, òṣìṣẹ́ kan tó ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé pa ọmọdébìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìwádìí tí Michael Bichard darí, tí ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 2004, fi hàn pé ẹ̀sùn oríṣiríṣi ti wà lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá nípa ọkùnrin náà ṣáájú, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ náà kò dé etí ilé-ìwé tó gbà á síṣẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi olùkọ́ láti Mowé kì í ṣe ẹ̀gàn sí ọmọ Nàìjíríà, torí pé ọmọ ilẹ̀ wọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ tìtorí rẹ̀ mú ìlànà náà le.

Níhìn-ín ni ìṣòro àwọn ilé-ìwé aládàáni kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba olùkọ́ láìfún un ní lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́. Wọ́n ń san owó oṣù lọ́wọ́ sí ọwọ́, tí kò fi sí ìwé owó oṣù tàbí àkọsílẹ̀ báńkì tó lè jẹ́rìí. Àdírẹ́sì ímeèlì ilé-ìwé sì jẹ́ ti onílé-ìwé fúnra rẹ̀ lórí Gmail, tó bẹ́ẹ̀ tí aláṣẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù kò fi lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ilé-ìwé tòótọ́ àti ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni ilé-ìwé. Èyí tó burú jù ni ti onílé-ìwé tó kọ̀ láti jẹ́rìí nítorí pé inú bí i pé olùkọ́ fẹ́ lọ. Ìbínú náà kò ṣàjèjì, torí pé olùkọ́ tó dáńgájíá ṣòro láti rí, àwọn òbí sì máa ń tẹ̀lé olùkọ́ tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, síbẹ̀ iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe fún ọdún mẹ́rin kì í ṣe ohun ìní onílé-ìwé tí ó lè fi pamọ́. Ẹ̀tọ́ olùkọ́ ni pé kí wọ́n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀ fún ẹni tó bá bèèrè.

Lẹ́tà tó níye lórí kì í kún fún ìyìn. Ohun tí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ń wá ni orúkọ olùkọ́ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ tó fi í sílẹ̀, ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ tó kọ́, iye wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, bóyá ẹ̀sùn kankan ti wáyé nípa ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé, àti orúkọ, ipò àti nọ́ńbà ẹni tó kọ ọ́. Olùkọ́ tí wọ́n bá pè ní onísùúrù, olùbẹ̀rù Ọlọ́run àti aláápọn nínú ojú ìwé méjì tí kò ní ọjọ́ kan ṣoṣo nínú kò tíì rí ohunkóhun gbà. Bí ọdún tó wà nínú lẹ́tà bá sì yàtọ̀ sí èyí tí olùkọ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù, ìyàtọ̀ kékeré náà lè di ẹ̀sùn irọ́.

Yàtọ̀ sí ẹ̀rí ilé-ìwé, ẹ̀rí kan tún wà tó jẹ́ ti iṣẹ́ olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òye. Ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí TRCN, ni òfin kọkànlélọ́gbọ̀n ti ọdún 1993 dá sílẹ̀, òun náà ló sì ń fúnni ní lẹ́tà tó ń sọ pé olùkọ́ kan wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti pé wọn kò fi òfin de iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀nba ni ohun tí olùkọ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lè ṣe, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè àti agbègbè mẹ́sàn-án, tí Nàìjíríà, Gánà, Íńdíà àti Jàmáíkà wà lára wọn, láti bèèrè fún QTS, èyíinì ni ìwé-ẹ̀rí pé ènìyàn kún ojú ìwọ̀n láti jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń bèèrè oyè yunifásítì, ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tó bá oyè náà dọ́gba, ẹ̀rí pé ènìyàn ti kọ́ni fún ó kéré tán ọdún ẹ̀kọ́ kan, àti lẹ́tà TRCN. NCE, ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́, nìkan kò tó. Ẹni tó ní oyè ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́, tàbí tó fi PGDE, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́ tí ènìyàn ń gbà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, kún oyè mìíràn, ló lè fojú sí i.

Ohun kan wà tó yẹ kí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìfọ̀ fetí sí dáadáa. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè àjèjì, irú bí Faransé, ni ọ̀nà QTS náà ṣí sílẹ̀ fún lọ́dọ̀ olùkọ́ láti Nàìjíríà, fún àwọn ọmọ láti ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìndínlógún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ tó gboyè ní òkèèrè tún lè kọ́ni fún ọdún mẹ́rin ní ilé-ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìní QTS, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ rí ilé-ìwé tí yóò gbà á.

Ilé-ìwé yẹn ni orísun físà. Kò sí olùkọ́ tó lè tọrọ físà òṣìṣẹ́ olóye ti Bìrìtìkó bí ilé-ìwé tó ní àṣẹ onígbọ̀wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba kò bá tíì fún un ní ìwé ìgbọ̀wọ́; ohun tí wọ́n sì ń pè ní ìwé náà kì í ṣe ìwé rárá, àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni, tó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Olùtọrọ yóò tún fi ẹ̀rí hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, níwọ̀n bí Nàìjíríà kò ti sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìjọba wọn kà sí èyí tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀. Ìdánwò bíi IELTS, tàbí ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ Ecctis, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí òkèèrè níbẹ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní yunifásítì, ló ń yanjú èyí. Láti oṣù kìíní ọdún 2026 ni ìwọ̀n tí wọ́n ń bèèrè ti gòkè láti B1 sí B2 lórí òṣùwọ̀n ìmọ̀ èdè ti ilẹ̀ Yúróòpù. Ó dunni pé olùkọ́ tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ láti ọdún mẹ́wàá tún ní láti sanwó ńlá láti fi hàn pé òun gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n bí òfin ti wí nìyẹn. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tún wà, àti ìwé àwọn ọlọ́pàá tó ń sọ pé ẹni náà kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, èyí tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ bá ọmọdé ṣiṣẹ́, láti gbogbo orílẹ̀-èdè tó ti gbé fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Nítorí ìdààmú yìí ni àwọn kan fi ń ra lẹ́tà. Bí wọ́n bá rí i pé ènìyàn fi irọ́ tàbí ìwé ayédèrú tọrọ físà Bìrìtìkó, wọ́n lè kọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dènà fún un fún ọdún mẹ́wàá, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì máa ń bèèrè nínú fọ́ọ̀mù tiwọn bóyá wọ́n ti kọ físà fún ènìyàn rí. Ìjọba Nàìjíríà náà ti tọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò: ní oṣù kìíní ọdún 2024, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba oyè yunifásítì ní Kútọ̀nu láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìjọba dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, tí ẹni tó kàwé ní tòótọ́ níbẹ̀ fi bá ẹlẹ́tàn jẹ nínú ìyà kan náà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ ni olùkọ́ ń wò. Ní Kòríà Gúúsù, ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti sọ, ó sì korò láti gbọ́: físà E-2 tí wọ́n ń fún olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè méje, Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Lẹ́tà ìjẹ́rìí kankan, bó ti wù kó dára tó, kò lè yí ti pásípọ́ọ̀tù padà.

Ibi tó súnmọ́ Ìfọ̀ jù ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Láti Ìfọ̀, ọ̀nà Ìlaròó gba Ìdìrókò lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọ̀nu, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, tí àwọn òbí sì ń wá ilé-ìwé elédè méjì tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àdéhùn ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, èyí tí wọ́n fi kún un ní 1986 sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti gbé níbẹ̀ àti láti ṣiṣẹ́. Kò túmọ̀ sí pé kò sí ìwé: ẹni tó fẹ́ pẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú, ó sì yẹ kí wọ́n túmọ̀ lẹ́tà ìjẹ́rìí rẹ̀ sí Faransé. Láti 1987 sì ni ìjọba Nàìjíríà ti ní ètò TAC, tó ń rán olùkọ́ àti àwọn amọṣẹ́ mìíràn lọ fún ọdún méjì sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Kàríbíánì, ọ̀nà tó lọ́lá tí kò sì gba ọwọ́ aṣojú kankan.

Àwọn aṣojú tó ń lẹ pátákó mọ́ òpó iná láti Ìbàfò dé Mowé kò lè fúnni ní ohun tí ilé-ìwé kò fún wọn. Kí olùkọ́ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, kí ó wo orúkọ ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dárúkọ fún un nínú àkójọ àwọn onígbọ̀wọ́ tí ìjọba Bìrìtìkó ń gbé jáde fún gbogbo ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni ìtọrọ QTS, pé ẹni tó bá ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ fún fọ́ọ̀mù náà ń rẹ́ ẹ jẹ.