Báìtì Kì í Ṣe Lẹ́tà: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Fáìlì

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣí ìwé, lẹ́tà ni ojú rẹ̀ ń bá pàdé. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ìbáà ṣe ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe àwòrán tàbí orin ni ó wà nínú fáìlì, kìkì nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń bá níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nọ́ńbà wọ̀nyí ni à ń pè ní báìtì. Kì í dín ní 0, kì í sì í ju 255 lọ. Ẹni tí yóò bá kọ ètò tí ń ka àkọsílẹ̀ Yorùbá ní láti mọ èyí dájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò ba èdè náà jẹ́ láìmọ̀.

Nínú Java, èdè ètò kọ̀ǹpútà tí ó jáde ní ọdún 1995, irinṣẹ́ kan wà tí à ń pè ní FileInputStream. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣí fáìlì, kí ó sì jẹ́ kí báìtì inú rẹ̀ máa ṣàn jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bí omi ìsun. Àṣẹ tí a fi ń bu ú ni read. Bí a ti ń pe àṣẹ yìí ni yóò máa gbé báìtì kọ̀ọ̀kan wá. Bí fáìlì bá sì tán, yóò dá −1 padà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ó yẹ kí a kíyè sí −1 yìí. Kò sí láàrin 0 sí 255, nítorí náà kò lè jọ báìtì kankan. Ṣùgbọ́n ohun tí Java fúnra rẹ̀ ń pè ní byte kò lè gbà ju 127 lọ. Bí a bá fi ipá ti 255 sínú rẹ̀, −1 ni yóò dà. Báìtì àkọ́kọ́ nínú àwòrán JPEG sì ni 255. Ẹni tí ó bá gbé èsì read sínú byte kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò yóò rò pé àwòrán náà ti tán nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Inú int ni kí ó gbé e sí.

Ewu ti èdè Yorùbá tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nínú ìlànà UTF-8, tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní ọdún 1992, báìtì kan péré ni k ń gbà, ṣùgbọ́n mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹ, ọ àti ṣ ń gbà. Báìtì ti ọ ni 225, 187 àti 141. Bí a bá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e, 204 àti 128 yóò tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ ti òkè, 204 àti 129 ni. Nítorí náà, báìtì 7 ni ọkọ, 9 ni ọkọ̀, 9 sì ni ọkọ́. Báìtì kan ṣoṣo ni ó ya ọkọ̀ tí à ń wọ̀ kúrò lára ọkọ́ tí a fi ń ro oko.

Bí ètò bá wá sọ báìtì kọ̀ọ̀kan di lẹ́tà kan, ẹ yóò di áº¹. Àṣìṣe náà kò sí nínú fáìlì rárá. Ọwọ́ ẹni tí ó kà á ni ó wà.

A tún lè fi igbá ńlá bu báìtì, bí 8192 lẹ́ẹ̀kan, kí iṣẹ́ lè yá. Read yóò sọ iye tí ó bù. Iye náà nìkan ni kí a lò, nítorí pé èyí tí a bù kẹ́yìn lè má kún igbá. Igbá sì lè kún nígbà tí báìtì méjì ti ọ ti wọlé, tí ẹ̀kẹta ṣì wà lóde. Bí a bá túmọ̀ igbá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, lẹ́tà náà bàjẹ́ nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni InputStreamReader, tí a sọ UTF-8 fún ní kedere. Òun a máa dúró de báìtì tí ó kù kí ó tó pe lẹ́tà. Kí Java 18 tó dé ní ọdún 2022, bí a kò bá dárúkọ ìlànà, ti ẹ̀rọ tí ètò wà lórí rẹ̀ ni Java ń tẹ̀lé. Ìdí nìyí tí ètò kan náà fi lè ka ọ̀rọ̀ re níhìn-ín kí ó sì bà á jẹ́ lọ́hùn-ún.

Ní kúkúrú, bí a bá fẹ́ da fáìlì kọ láìyí i padà, ìṣàn báìtì tó. Bí a bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ mọ ìlànà tí a fi kọ ọ́.