Owó Róòmù àtijọ́ kì í ṣe irin lásán: Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ kó o jọ mọ̀

Kò sí ẹni tó mọ Bíbélì tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí àwọn Farisí fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó-orí dẹkùn fún Jésù, tó ní kí wọ́n mú owó kan wá kí òun wò, tó sì bi wọ́n léèrè pé àwòrán ta ló wà lára rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé irú owó bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé títí di òní, kì í sì í ṣe inú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan ló wà. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dẹ̀nárì fàdákà ayé Tìbéríù Késárì, ẹni tó jọba láàárín ọdún 14 sí 37 lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Ó wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń gbé e fún ara wọn wò.

Àṣà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Suetonius, òpìtàn àwọn Késárì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Augustus fúnra rẹ̀ máa ń fi owó àtijọ́ ta àwọn èèyàn lọ́rẹ nígbà ọdún. Ní 1354, Petrarch, akéwì ọmọ ilẹ̀ Ítálì, kó owó Róòmù lé Charles Kẹrin lọ́wọ́, ó sì rọ ọba náà pé kó fi ìwà àwọn tó wà lára owó wọ̀nyí ṣe àwòkọ́ṣe. Ìgbafẹ́ ọba àti ọlọ́rọ̀ ni nígbà yẹn. Lóde òní, olùkọ́, awakọ̀ àti ọmọ ilé ìwé ń ṣe é, nítorí pé ọ̀pọ̀ owó idẹ kéékèèké ayé Constantine àtàwọn ọmọ rẹ̀ kò ju pọ́n-ùn díẹ̀ lọ.

Ìdí tó fi pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé ilẹ̀ ni báńkì ọ̀pọ̀ èèyàn láyé ìgbà náà. Bí ogun bá ń bọ̀, wọn a kó owó sínú ìkòkò, wọn a sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá kú kó tó padà dé, owó rẹ̀ di ti ilẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń ṣe owó náà: wọn a gbé irin pẹlẹbẹ sáàárín òǹtẹ̀ méjì, wọn a fi òòlù lu èyí tó wà lókè. Èyí ni kì í jẹ́ kí méjì dọ́gba tán. Orí ọba lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́tà mìíràn sì lè máà hàn rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùkójọ gbọ́dọ̀ kọ́ ni bí a ṣe ń ka owó. Bí ẹni tó mọ oríkì ṣe ń ti inú rẹ̀ mọ ìdílé àti ipò ẹni tí à ń kì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn lẹ́tà tó yí orí ọba ká ṣe ń sọ oyè rẹ̀. IMP ni ọ̀gá àwọn ọmọ ogun. AVG, tí wọ́n fi V kọ dípò U, ni oyè Augustus. P M ni olórí àlùfáà. TR P ni àṣẹ tí ọba ní gẹ́gẹ́ bí aṣojú mẹ̀kúnnù. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ oyè TR P dọ̀tun, tí wọ́n sì ń kọ iye ìgbà rẹ̀ sára owó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ọdún tí wọ́n ṣe owó náà gan-an. Lára owó ayé Constantine, PLON túmọ̀ sí pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí iṣẹ́ owó ṣíṣe ti dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọdún 325.

Ẹ̀yìn owó ni ọba ti ń polongo ara rẹ̀, nítorí pé kò sí rédíò, kò sì sí ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn tí Jerúsálẹ́mù ṣubú lọ́dún 70, Vespasian ṣe owó tó ní àwòrán obìnrin tó jókòó sábẹ́ igi ọ̀pẹ pẹ̀lú ìbànújẹ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọwọ́ Róòmù ti tẹ Jùdíà.

Irin náà tún ń sọ ohun tí ọba kò fẹ́ kí aráàlú mọ̀. Láyé Augustus, fàdákà inú dẹ̀nárì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì. Nero dín in kù lọ́dún 64. Septimius Severus, ọba tí wọ́n bí sí Leptis Magna ní Líbíà lọ́dún 145, tó sì kú sí York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 211, sọ ọ́ di nǹkan bí ìdajì, nígbà tó ń wá owó tí yóò san fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 270, owó tó rọ́pò dẹ̀nárì ti di bàbà tí fàdákà inú rẹ̀ kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá to owó ìgbà wọ̀nyí sórí tábìlì kò nílò onímọ̀ ọrọ̀ ajé kó tó rí bí owó ìlú ṣe ń di yẹpẹrẹ.

Ìmọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ní. Royal Numismatic Society ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1836, American Numismatic Society sì ti wà láti 1858, yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tó wà láwọn ìlú káàkiri. Níbi ìpàdé wọn, ẹnì kan a gbé owó tí kò yé e wá, ẹlòmíràn a sì bá a ka lẹ́tà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, irin tí wọ́n fi ṣe é àti ibi tí ó ti wá ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wá a nínú ìwé Roman Imperial Coinage, tí apá kìíní rẹ̀ jáde lọ́dún 1923, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí American Numismatic Society gbé àkójọ owó àwọn ọba Róòmù sí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìkìlọ̀ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa ń ṣe fún ẹni tuntun ni pé kó má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó idẹ. Àwọ̀ tó bò ó láti inú ilẹ̀ ló ń dáàbò bò ó; ẹni tó bá ha á kúrò ti ba ojú owó náà jẹ́, ó sì ti dín iye tí ì bá tà á kù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ bá ń hù lára owó, àrùn idẹ nìyẹn. Ọ̀rinrin ló ń ràn án lọ́wọ́, ó sì lè jẹ owó náà tán. Kí wọ́n gbé e síbi gbígbẹ, kí wọ́n sì tètè fi han ẹni tó mọ ìtọ́jú rẹ̀.

Ayédèrú náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Carl Wilhelm Becker, ará Jámánì tó kú lọ́dún 1830, mọ ayédèrú owó ṣe débi pé ó máa ń kó wọn sínú àpótí tó ní ẹ̀rún irin nínú, á so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, kí wọ́n lè gbo bí ohun àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ti ibi tí owó ti wá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, Eric Lawes ń fi ẹ̀rọ tí ń wá irin nínú ilẹ̀ wá òòlù tí àgbẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ nù sóko ní Hoxne, ní Suffolk. Wúrà àti fàdákà ló bá pàdé. Kò wú gbogbo rẹ̀ tán. Ó dáwọ́ dúró, àwọn onímọ̀ sì wá wú ìyókù. Owó 14,865 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì dá a lé 1,750,000 pọ́n-ùn. Wọ́n rí òòlù náà pẹ̀lú, ó sì wà ní British Museum pẹ̀lú ìṣúra ọ̀hún.

Ní 2010, Dave Crisp rí ìkòkò kan nítòsí Frome, ní Somerset. Òun náà kò dá a wú. Owó 52,503 ló wà nínú rẹ̀, ìpele-ìpele ni wọ́n sì kó o jáde. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi rí i pé púpọ̀ nínú owó Carausius, tí ó kẹ́yìn dé, wà nísàlẹ̀ àwọn tó ti pẹ́ jù ú lọ. Ó hàn pé ìgbà kan náà ni wọ́n da owó sínú ìkòkò náà, wọn kò máa tọ́jú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ká ní wọ́n ti fi ṣọ́bìrì dà á rú ni, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀.

Òfin ìṣúra ọdún 1996 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó bá rí owó wúrà tàbí fàdákà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbì kan náà, tó ti lé ní 300 ọdún, gbọ́dọ̀ fi tó aláṣẹ létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bá fẹ́ ẹ, wọn a san iye tó tọ́ sí i, èyí tí ẹni tó rí i àti onílẹ̀ sábà máa ń pín.

Ẹni tó bá ń rà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n lu owó wúrà kan ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, owó tí Brutus ṣe láti fi yangàn pé àwọn pa Julius Caesar. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn. Ìwádìí fi hàn pé irọ́ wà nínú ìwé tó sọ ọwọ́ tí owó náà ti gbà kọjá. Ní 2023, àwọn aláṣẹ New York dá a padà fún ilẹ̀ Gíríìsì. Olùkójọ tó bá gbọ́n a béèrè ìwé kó tó béèrè iye.

Ìlànà kan náà ló yẹ ẹni tó bá rí tọ́rọ́, sísì tàbí kọ́bọ̀ oníhò nínú àpótí ìyá àgbà, owó tí a ná kí náírà tó dé ní oṣù kìíní ọdún 1973. Kó má fi yanrìn fọ̀ ọ́. Kó kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ibi tí wọ́n ti rí i sílẹ̀, kó sì fi han ẹni tó mọ̀ jù ú lọ.